Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lára lóbẹ́ẹ̀dì ló ń jẹ bíárìn: kí ló ń fà á?

Ìyá Onílóbẹ́ẹ̀dì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ògún á máa gbè yín. Lóbẹ́ẹ̀dì (tírélà pẹlẹbẹ) oní-ásù mẹ́ta ni mo ní, pèlódà àti ẹsikafétọ̀ ló ń kó láti kúárì kan sí òmíràn láàárín Abẹ́òkúta àti Ìgbó-Ọrà. Ásù ẹ̀yìn pátápátá, lápá òsì, ti di abíkú mọ́ mi lọ́wọ́. A ó pààrọ̀ bíárìn rẹ̀, kò ní pẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, háàbù, irin àárín tí a ń de táyà mọ́, á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní gbà á. Ẹsẹ̀ márùn-ún yòókù ò ṣe nǹkan kan. Mẹkáníìkì mi ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi. Awakọ̀ ní ẹrù ló pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹrù ló pọ̀ jù, ṣé ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ẹrù ń wọ̀ ni? Gírísì la ń fi sínú rẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì. Ẹ bá mi wò ó, owó ti ń tán.

Ọ̀gá Táyà Ṣàgámù
Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Kí ẹ tó dá bíárìn lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo bíréèkì. Ìdí táyà àwọn tírélà tó ń gba Ọ̀rẹ̀ sí Ṣàgámù ni iṣẹ́ mi wà, mo sì ti rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbóná, lọ́pọ̀ ìgbà bíréèkì ló há síbẹ̀. Ẹ gbé e sórí jáàkì, kí ẹ fi igi dí àwọn táyà yòókù, kí ẹ gbé irin ìdúró sábẹ́ ásù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ tú bíréèkì sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà. Bó bá ń yí geere, tí ẹ sì wá rí i lẹ́yìn ìrìnàjò pé dúrọ́ọ̀mù ò gbóná tó ìdérí háàbù, bíárìn ni ẹ máa wá wò. Bó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ló gbóná jù, bíréèkì ni.

Ìyá Onílóbẹ́ẹ̀dì
A ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi. Bíréèkì ò há. Omi tí awakọ̀ ta sí ìdérí háàbù hó ṣàà, dúrọ́ọ̀mù kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. A tún ti tú u lónìí. Èyí tí mo rí nìyí, mo sì ya àwòrán rẹ̀: inú kọ́ọ̀pù (òrùka òde bíárìn) ní àwọn ìlà dúdú tín-ín-tín tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí apá kan, àlàfo tó wà láàárín wọn sì dọ́gba. Bí mo fi èékánná rá a, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́. Orí àwọn rọ́là náà, àwọn irin roboto tó ń yí nínú bíárìn, ní àmì kéékèèké tó jọ ti inú kọ́ọ̀pù. Gírísì tó wà níbẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná.

Fítà Ewékorò
Àmì ìlù nìyẹn o, ìyá. Àwọn ọmọṣẹ́ wa yìí ló ń fi òòlù ńlá gbá bíárìn wọlé, tí wọ́n ń gbá inú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé kọ́ọ̀pù ló yẹ kí wọ́n gbá. Agbára òòlù á wá gba ara rọ́là kọjá, rọ́là á sì tẹ àmì ara rẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù. Ìdí nìyẹn tí àlàfo wọn fi dọ́gba, àlàfo àárín rọ́là kan sí èkejì ni. Òkòtò ojú ọ̀nà Ìgbó-Ọrà náà lè ṣe é bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó fi bíárìn yẹn sí i wá sọ bó ṣe fi sí i.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Mo yọwọ́ níbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àmì méjì tó jọra ni, ohun tó sì fà wọ́n yàtọ̀ síra. Bó bá jẹ́ òòlù tàbí òkòtò ló tẹ̀ ẹ́, ojú kòtò kékeré náà á máa dán, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìfoju-ńlá-wò á ṣì rí ipa ìlọ̀ tí wọ́n lọ kọ́ọ̀pù ní ilé iṣẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, torí ńṣe ni irin kàn sún sẹ́yìn, kò kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló gbọ̀n níbi tó dúró sí fún ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn tí a máa ń rí lára ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin, ìlà náà á ní ìpẹtà pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n tí kòtò náà bá dúdú, tí etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ohun tó yọ́ tó tún dì, iná ló gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ wọ́n ti jó irin lára lóbẹ́ẹ̀dì yẹn rí?

Ìyá Onílóbẹ́ẹ̀dì
Há! Ṣé ọwọ́ ajórin ló ń kúrò lára rẹ̀ ni? Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn tí pèlódà ń gùn wọlé, gbogbo ìgbà ló ń sán. Bó bá ti sán báyìí, ajórin á wá síbi tí a gbé e sí, á jó o mọ́lẹ̀, a ó sì máa lọ.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ibo ló máa ń gbé áàtì, wáyà tí iná ìjórin ń gbà padà, kọ́?

Ìyá Onílóbẹ́ẹ̀dì
Mo ní kí awakọ̀ sọ fún mi. Ó ní orí nọ́ọ̀tì táyà ni. Táyà ẹ̀yìn òsì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ó tán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń kà. Iná tí ẹ̀rọ ìjórin ń tú jáde gbọ́dọ̀ padà sílé rẹ̀ láti ara áàtì. Bí ẹlẹ́kíródù (irin tí ajórin fi ń jó) bá wà lára àtẹ̀gùn, tí áàtì sì wà lára nọ́ọ̀tì táyà, iná ò ní ọ̀nà mìíràn ju kó gba ara ṣáṣì wá sí ásù, sí sípíńdù (ẹnu ásù tí bíárìn jókòó lé), kó fo kọjá láti inú bíárìn sínú kọ́ọ̀pù, kó tó dé háàbù àti rímù. Rọ́là kì í fi gbogbo ara kan kọ́ọ̀pù, ìlà tín-ín-rín ló fi ń kàn án, gírísì sì tún wà láàárín. Ibi tín-ín-rín yẹn ni iná ti ń ta, irin á yọ́ níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọgọ́rùn-ún ámpíà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ̀ ń sọ yẹn, kì í ṣe iná gílóòbù. Àwọn rọ́là tó wà nísàlẹ̀, tí ẹrù wà lórí wọn lọ́jọ́ náà, ni wọ́n ń fara gbá a. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àmì fi wà lápá kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí táyà bá yí, rọ́là á máa gun orí kòtò kéékèèké yẹn. Ojú irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, èérún irin á bọ́ sínú gírísì, èérún yẹn náà á sì máa lọ ojú tó kù. Ojúlówó bíárìn tó dára jù lọ láyé, bí iná ìjórin bá ti gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe.

Ajórin Òkè-Adó
Ẹ má tún kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ lé ajórin lórí o! Ẹ̀yin ẹ máa ń gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà mẹ́ta kùn wá, ìpẹtà á ti bo gbogbo ṣáṣì, ẹ ó sì dúró lé ajórin lórí pé kó yára, ọkọ̀ fẹ́ lọ gbẹ́rù. Áàtì ò lè mú lórí ọ̀dà. Nọ́ọ̀tì táyà nìkan ni irin rẹ̀ máa ń dán níbẹ̀, ìdí tí a fi ń kọ́ ọ síbẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ń sọ. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gbà kí a gbé áàtì sórí ohunkóhun tó bá ń yí. Ara irin tí ẹ ń jó gan-an ni kí ẹ gbé e sí, súnmọ́ ojú ìjórin bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Ẹ fi fáìlì tàbí ẹ̀rọ ìlọrin bó ọ̀dà kúrò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ de áàtì mọ́ ọn dáadáa. Bí ẹ bá jó o tán, ẹ tún ọ̀dà ibẹ̀ kùn. Bó bá sì jẹ́ pé orí ọkọ̀ ni, kì í ṣe tírélà, ẹ tú bátìrì kúrò kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà nínú lóde òní, wọn ò lè fara da iná wa.

Bọ̀lá Ọmọṣẹ́
Ẹ̀kọ́ ńlá. Kí ni kí á ṣe fún pèlódà? Àwọn ajórin náà ń jó báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ajórin Òkè-Adó
Ìyẹn gan-an ló léwu jù. Bí o bá ń jó báàkẹ́ẹ̀tì, ara báàkẹ́ẹ̀tì ni áàtì máa wà. Bí o bá gbé e sí ara ṣáṣì, gbogbo píìnì àti búṣì tó wà lára apá rẹ̀ ni iná máa gbà kọjá.

Fítà Ewékorò
Mo gbà. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ òòlù mi o, torí mo ti rí i, àmọ́ ti ìyá yìí, nọ́ọ̀tì táyà ti dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìyá, ẹ fetí sí èyí. Bí ẹ bá máa ra tuntun, ẹ ra inú bíárìn (òrùka inú àti àwọn rọ́là rẹ̀) pẹ̀lú kọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹ má fi inú tuntun sí kọ́ọ̀pù àtijọ́ torí kọ́ọ̀pù le láti yọ. Bó bá há mọ́ háàbù, kí ajórin jó ìlà kan yípo inú kọ́ọ̀pù àtijọ́ náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ háàbù kúrò lára ásù. Bó bá ti tutù, irin á fún, kọ́ọ̀pù á já bọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n dẹ̀ jó o lórí ilẹ̀, kò lè pa bíárìn kankan lára. Fún wíwọlé tuntun, irin bíráàsì ni kí wọ́n fi gbá a, yíká etí kọ́ọ̀pù, títí ohùn ìgbá á fi yí padà. Ohùn yẹn ló máa sọ fún yín pé ó ti jókòó.

Oníṣòwò Àràrọ̀mí
Ẹ kú ìjókòó o. Bíárìn ni mò ń tà ní Géètì, n’Ìbàdàn. Nípa ayédèrú, ó wà, kò ṣeé sẹ́, ó wà ní Ládìípọ̀, ó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ ásù tírélà ti Yúróòpù, bíárìn 33118 ló wà lápá inú háàbù, 33213 lápá òde. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún: 18 á di 90, ìyẹn ni pé ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 90, 13 á di 65. Ẹ gbé káńlípà, irin ìwọ̀n, sí i. Bí ihò bá yàtọ̀ sí ohun tí nọ́ńbà sọ, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀: HM218248 ni inú rẹ̀, HM218210 ni kọ́ọ̀pù rẹ̀, nọ́ńbà méjì ni, wọ́n sì lè tà á fún yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ra méjèèjì pọ̀. SKF, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíárìn, ní áàpù kan, SKF Authenticate, tí ẹ lè fi ya àwòrán páálí àti bíárìn láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èmi kì í ta tòkunbọ̀ fún ẹsẹ̀ tírélà. Ẹni tó bá fẹ́ á rí i rà níbòmíràn.

Bàbá Gírédà
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe dáadáa. Ẹ ò ì tíì sọ̀rọ̀ nípa dídè nọ́ọ̀tì bíárìn o. Mo ti ń tún gírédà ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé. Ẹ dè é títí ó fi le, ẹ yí táyà, ẹ dá a padà díẹ̀, títí táyà á fi yí láìgbọ̀n. Ọwọ́ ni yóò sọ fún yín.

Mẹkáníìkì Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá, mo kí yín. Tírélà ni èmi náà ń tún ṣe níbí. Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, bàbá, torí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọṣẹ́ tó wá lánàá kò mọ̀ ọ́n.

Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé níbí ni RP 618, ìgbìmọ̀ TMC tó wà lábẹ́ American Trucking Associations, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde. Ẹ fi tọ́ọ̀kì sípánà (sípánà tó ń wọn agbára ìdè) dè é dé 200 lb-ft, bí 271 Nm, kí ẹ máa yí háàbù bí ẹ ṣe ń dè é kí rọ́là lè jókòó sáyè wọn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì padà ní odidi ìyípo kan. Ẹ tún dè é dé 50 lb-ft, bí 68 Nm, ẹ ṣì ń yí háàbù. Fún ásù tírélà, ẹ wá dá a padà ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, kí ẹ fi jáàmù nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì kejì, tì í. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé dáàlì géèjì (aago ìwọ̀n kékeré) sára háàbù, kí ẹnu rẹ̀ kan orí sípíńdù, ẹ fà á síwá sẹ́yìn. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí kò gbọdọ̀ dín ní 0.001 íńṣì, kò sì gbọdọ̀ ju 0.005 íńṣì lọ, ìyẹn láti 0.025 dé bí 0.127 mìlímítà. Irun orí nípọn ju òmíràn nínú rẹ̀ lọ, ẹ̀dá wo ló lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n?

Bí ásù yín bá jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ wá ìlànà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ti wọn lè yàtọ̀.

Bàbá Gírédà
Ọmọ mi, mo gbọ́. Tọ́ọ̀kì sípánà mélòó ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti Abẹ́òkúta dé Ìgbó-Ọrà? Bí o bá fi ránṣẹ́, màá gbà á.

Mẹkáníìkì Houston
Ẹ dákun, bàbá, ẹ̀rín pa mí. Ẹni tí kò bá ní i, kó yáa fi í sílẹ̀ kó dẹ̀ díẹ̀ ju kó le jù lọ. Èyí tó le jù ló ń jóná, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jóná. Mo fẹ́ fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe pèlódà. Bíárìn ẹsẹ̀ pèlódà kì í ní àyè ìgbọ̀n, dídè mọ́ra ni wọ́n ń dè é, wọ́n ń fi ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín) wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀rọ náà bá sọ.

Fítà Ewékorò
Òótọ́ ni. Jíà wà nínú ẹsẹ̀ pèlódà, ọ́ìlì ló wà níbẹ̀, gírísì kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ́ìlì rẹ̀, ẹ wa ẹ̀rọ náà síwájú díẹ̀ títí ihò ìtúdànù á fi wà nísàlẹ̀ gan-an, kí ẹ tó ṣí ihò ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ pèlódà Cat ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn ní wákàtí iṣẹ́ 2000 tàbí ọdún kan. Nínú eruku kúárì, mi ò kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ihò ìtúdànù ní màgínẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú irin lórí rẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ èépá irin tí ọwọ́ lè mú, ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bọ̀lá Ọmọṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀gá mi ní kí n fọ bíárìn, kí n wá fi kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ. Tí mo bá fi atẹ́gùn sí i, ó máa ń yí wìì, ó dùn ún gbọ́. Ṣé kò burú?

Ọ̀gá Táyà Ṣàgámù
Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Atẹ́gùn lè yí i débi pé kéèjì, irin tó di àwọn rọ́là mú, á já, rọ́là á sì fò bí ọta ìbọn. Bí o bá máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, fi ọwọ́ di í mú kó má lè yí. Kẹrosíìnì tàbí dísẹ́lì mímọ́ ni kí o fi fọ̀ ọ́, má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ láéláé. Gbé e sórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Fítà Ewékorò
Bí ó bá gbẹ, gírísì ló kàn. Bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, fi ọwọ́ ọ̀tún mú bíárìn, kí apá tó fẹ̀ kọjú sí gírísì. Máa fi etí rẹ̀ gún gírísì náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí gírísì á fi máa yọ láàárín àwọn rọ́là lápá kejì. Yí i, tún gún un, títí o fi máa yí i ká. Fífi ọwọ́ pa á lójú lásán kì í ṣe nǹkan kan. Fún àyè inú háàbù, má kún un dẹ́nu. Bó bá kún jù, gírísì á máa po ara rẹ̀, ooru ni yóò mú wá, á sì ti síìlì, òrùka tó ń dá gírísì dúró, jáde.

Oníṣòwò Àràrọ̀mí
Ẹ fi ojú sí gírísì tí ẹ ń rà. Èyí tí wọ́n ń bù láti inú dúrọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, eruku ọyẹ́ ti jókòó sínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Kì í sì í ṣe àwọ̀ ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Pupa méjì lè má bára mu. Gírísì lítíọ̀mù àti ti amọ̀, bí wọ́n bá pàdé nínú háàbù kan, wọ́n lè yọ́ dànù. Bí ẹ ò bá mọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá kí ẹ tó fi tuntun sí i. Fún ẹsẹ̀ tó ń gbé ẹrù wúwo, lítíọ̀mù kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì NLGI 2 (ìwọ̀n kíki gírísì nìyẹn) tó ní EP, èròjà fún ẹrù wúwo, ni mo máa ń fún àwọn oníbàárà mi.

Ìyá Onílóbẹ́ẹ̀dì
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí irin pa yín lára. Mo ti pe ajórin náà, mo sì ti fi ohun tí ẹni Òkè-Adó kọ hàn án. Kò jiyàn. A ti bó ọ̀dà lára àtẹ̀gùn, a sì ti jó irin kan tí kò ní ọ̀dà mọ́ ọn tí yóò máa kọ́ áàtì sí láti ìsinsìnyí lọ. Ìbéèrè kan ló kù: sípíńdù. Ibi tí bíárìn inú jókòó lé ti ní ìlà díẹ̀. Ṣé a lè lò ó bẹ́ẹ̀?

Mẹkáníìkì Houston
Ṣé ó ní àwọ̀ búlúù níbi kankan? Ẹ tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú máíkírómítà níwájú, lẹ́yìn, lókè, nísàlẹ̀, kí ẹ fi wé ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó bá ti búlúù, ooru ti mú kí irin náà rọ̀, ẹ má fi ọwọ́ kan bíárìn tuntun níbẹ̀. Bí ìlà kéékèèké lásán bá ni, ẹ fi bébà ìdán tó kúnná dán an, kí ẹ nu gbogbo eruku rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá bíárìn ń wọ̀ ọ́ láìgbọ̀n. Ẹ pààrọ̀ síìlì náà. Síìlì tí wọ́n bá ti yọ, kì í padà sáyè.

Ìyá Onílóbẹ́ẹ̀dì
Kò búlúù. Ìwọ̀n òsì àti ọ̀tún bára mu, àmọ́ a rí àwọn ìlà dúdú yẹn nínú kọ́ọ̀pù ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, wọn ò pọ̀ tó ti òsì. Ajórin ní òun máa ń gbé áàtì síbẹ̀ nígbà míì, bí ọkọ̀ bá fi òsì ti ògiri.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún náà nígbà tí ó ṣì wà lórí jáàkì, ìyá wa.